Màmá Fẹ́ Dúró ní Lọ́ńdọ̀nù: Àlàyé Lórí Físà àti Ìfẹ̀yìntì ní Òkè Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ilé wà lójú kan tí àjò sì wà lójú kan. Lóde òní ńkọ́? Ìyá wà ní Ìbàdàn, ọmọ méjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ọmọ kò sì gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níbo gan-an ni ilé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bi ara wọn ní ìbéèrè yìí títí wọn ó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo fẹ́ là yé ara wa nínú àròkọ yìí ni bí òfin ìwọ̀lú ṣe rí fún àgbàlagbà tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀, tí ó wá rí i pé ibẹ̀ ni òun fẹ́ gbé lo ìyókù ọjọ́ ayé òun. Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba ni n ó sọ jù, nítorí pé òfin ibẹ̀ ni ó ṣókùnkùn sí àwọn èèyàn wa jù lọ.

Bí ó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ bímọ, wọ́n ní kí ìyá wá wẹ ọmọ. Ìyá náà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 68, gba físà àbẹ̀wò. Ó di ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀gúsí sínú àpótí, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́ta dání, ó wọ bàálù. Ó wẹ ọmọ, ó pọn ọmọ, ó sì rí i pé iná kì í lọ, omi kì í dá. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá ti kú, kò sí ẹnì kan nílé ní Ìbàdàn àfi ọmọ ọ̀dọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ á kúnlẹ̀ tì í, á ní: "Màmá, kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe nílé? Ẹ kúkú dúró tì wá." Mo fi ìyá yìí ṣe àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham tàbí ní Manchester á ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni ọjọ́ tí a kọ sára físà. Físà àbẹ̀wò Ìlú Ọba wà fún oṣù mẹ́fà, ó wà fún ọdún méjì, ọdún márùn-ún àti ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá gba ti ọdún méjì á máa rò pé òun lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún méjì ni àkókò tí ó fi lè máa wọlé, kí ó máa jáde. Ìgbàkigbà tí ó bá wọlé, kò gbọdọ̀ lò ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó jáde. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá àlejò: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò náà ni ó ṣì jẹ́.

Àwọn kan wá dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á sáré wá sí Èkó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tún padà. Wọ́n ń sọ kiri pé bí ènìyàn kò bá ṣáà ti ju oṣù mẹ́fà lọ láàárín ọdún kan, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Òfin kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbì kankan. Ohun tí ó kọ ni pé àlejò kò gbọdọ̀ fi àbẹ̀wò tí ó ń tẹ̀ léra sọ Ìlú Ọba di ibùgbé rẹ̀. Aṣọ́bodè tí ó bá yẹ pásípọ́ọ̀tù wò ní Heathrow tí ó rí i pé ìyá kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílé, ó lè dá a padà láti ibẹ̀. Ní ti ìtọ́jú ọmọ-ọmọ, kí ọkàn yín balẹ̀: òfin gbà pé ìyá àgbà lè bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ níwọ̀n ìgbà díẹ̀, bí kò bá ṣáà ti di iṣẹ́ tí a ń gbà á sí.

Ǹjẹ́ ìyá wa yìí lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó sì pa físà àbẹ̀wò rẹ̀ dà sí ti ìfẹ̀yìntì? Kò lè ṣe é, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní, Ìlú Ọba kò ní físà ìfẹ̀yìntì mọ́. Ó wà rí. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ 60 ọdún, tí owó tí ń wọlé fún un láìṣe iṣẹ́ kò dín ní 25,000 pọ́n-ún lọ́dún, tí ó sì ní ohun tí ó so ó mọ́ Ìlú Ọba, lè tọrọ àyè láti wá sinmi síbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìdí kejì ni pé ẹni tí ó bá bá ẹnu ọ̀nà àlejò wọlé, òfin kò gbà á láyè láti yí i padà sí ti onílé nígbà tí ó wà nínú ilé. Ó ní láti jáde ná, kí ó wá kan ilẹ̀kùn mìíràn láti ìta.

Ilẹ̀kùn mìíràn wo ni? Ọ̀kan ni ó kù fún òbí, ẹnu rẹ̀ sì ti fún. Kí ó tó di ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012, òbí tí ó bá ti pé ọmọ 65 ọdún, tí ọmọ rẹ̀ ní Ìlú Ọba ń bọ́, tí kò sì ní ẹni mìíràn tí ó lè gbára lé nílé, lè béèrè ìwé ìgbélùú, ó tilẹ̀ lè béèrè rẹ̀ láti inú Ìlú Ọba. Àwọn ìyá àgbà tí ẹ rí ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti di onílùú, ọ̀pọ̀ wọn gba ibẹ̀ yẹn kọjá. Àwọn ni àwọn tuntun ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé "bí ìyá lágbájá ṣe ṣe é náà ni àwa náà ó ṣe é." Òfin tí ìyá lágbájá lò ti kú.

Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ pé òbí gbọ́dọ̀ wà lóde Ìlú Ọba nígbà tí ó ń béèrè. Ó sọ pé ogbó, àìsàn tàbí àbùkù ara gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá wọ aṣọ tàbí kí ó dá oúnjẹ sè, tí ó sì nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó tún sọ pé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeé rí ní ìlú tí ó wà, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́, yálà nítorí pé kò sí, tàbí nítorí pé owó rẹ̀ kò ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí ó fẹ́ gbà á sọ́dọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú tàbí ẹni tí ó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú arúgbó tí wọ́n kó lọ láti Nàìjíríà ní nǹkan bí 2021 sí 2023 lórí físà iṣẹ́, bí wọn kò bá tí ì gba ìwé ìgbélùú, wọn kò lè lo òfin yìí fún òbí wọn rárá. Owó ìwé nìkan sì ju 3,000 pọ́n-ún lọ, wọn kì í sì í dá a padà fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún.

Ẹ wá wo àlọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lówó tó láti bọ́ ìyá òun, kí ìyá náà má baà gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Bí ó bá sì ti fi hàn pé òun lówó tó bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ á ní: ó dára, fi owó náà gba olùtọ́jú fún ìyá rẹ ní Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, àlọ́ yìí ti wá le sí i. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìyá ń gbà lóṣù kò lè ra nǹkan kan ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́, ṣùgbọ́n pọ́n-ún díẹ̀ tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ ti tó san owó oṣù olùtọ́jú méjì nílé. Bí náírà ṣe ń rẹlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ìyá ṣe ń rọ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Àwa Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A kò ní ọmú olùtọ́jú tí a fi owó gbà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bí kì í tilẹ̀ ṣe lédè tiwa, ni wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ BritCits pe òfin náà lẹ́jọ́. Wọ́n pàdánù, òfin náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ sọ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì: wọ́n ní kì í ṣe ìtọ́jú ara nìkan ni kí a wò, àìní ọkàn àgbàlagbà náà wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀rí dókítà bá ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ní tèmi o, níbi gbólóhùn yẹn ni ìrètí kékeré tí ó kù wà. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ ti dà rú látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kì í jẹun bí kò bá rí ọmọ rẹ̀, dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ìtàn lásán ni létí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa tí oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti ń parí lọ. Kí ni ó lè ṣe? Ó lè padà sílé kí ọjọ́ tó pé. Èyí dà bí ọ̀nà òmùgọ̀ lójú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n òun ni kò ba ohunkóhun jẹ́. Orúkọ rẹ̀ á mọ́, ó lè tún gba físà mìíràn, bí ara rẹ̀ bá sì wá le lọ́la, ó lè béèrè ìwé ìgbélùú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan láti ilé. Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni ó ká a mọ́ ibẹ̀, òfin gba àlejò láyè láti tọrọ oṣù mẹ́fà sí i fún ìtọ́jú tí yóò fi owó ara rẹ̀ san, bí ìwé dókítà bá wà.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn lọ́yà máa ń dárúkọ: kí ó béèrè láti dúró nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pé lílé òun lọ yóò já ìdílé òun sí méjì. Bí ó bá fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ìdúró rẹ̀ ṣì bófin mu títí wọn ó fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín òbí àti ọmọ tí ó ti dàgbà, tí ó ti ní ìdílé tirẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo lójú àwọn adájọ́ níbẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá gbára lé èkejì ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdáhùn lè pẹ́ kí ó tó dé. Bí ìyá náà bá sì jáde kúrò ní Ìlú Ọba nígbà tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á kà á sí pé ó ti fà á padà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kú ní Ìbàdàn lákòókò náà, ó di kí ó yàn: kí ó lọ sin òkú kí ìwé bàjẹ́, tàbí kí ó wo ìsìnkú lórí fóònù.

Ọ̀nà tí ó kẹ́yìn ni èyí tí àwọn kan ń gbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé kí ìyá kàn dákẹ́ síbẹ̀. Kí ni ó wà níbẹ̀? Òfin sọ pé ẹni tí ó bá ti gbé Ìlú Ọba fún 20 ọdún láìjáde, bí kò tilẹ̀ ní ìwé, lè béèrè àṣẹ láti dúró. Ẹni ọdún 68 á ti di ẹni 88 nígbà náà. Láàárín ìgbà yẹn, kò lè padà wá wo ilé. Bí ó bá gbé ju 30 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti pé, tí ó wá fi owó ara rẹ̀ lọ, wọn kì yóò jẹ́ kí ó wọlé fún ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lé e ni tàbí pé ó purọ́ nínú ìwé, ó lè di ọdún mẹ́wàá. Ilé ìwòsàn ìjọba ń kọ́? Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ nídìí pàjáwìrì láìgba owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì, owó rẹ̀ á jẹ́ ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ná wọn. Gbèsè tí ó bá tó 500 pọ́n-ún, tí a kò san fún oṣù méjì, tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ kọ físà fún un lẹ́yìn ọ̀la. Ẹsẹ̀ tí ó kán tàbí rọpárọsẹ̀ kan ṣoṣo lè kó ìdílé sínú gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Amẹ́ríkà yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ni ó ń mú kí àwọn èèyàn ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n gbọ́ láti Houston ni wọ́n fi ń gba ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nímọ̀ràn. Níbẹ̀, ọmọ tí ó ti di ọmọ onílùú, tí ó sì ti pé ọmọ ọdún 21, lè béèrè gíríìnì káàdì fún òbí rẹ̀ láìtò sórí ìlà. Òbí tí ó bá bá ọ̀nà ẹ̀tọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò lè yí ìwé rẹ̀ padà láti inú ibẹ̀, àní bí àkókò rẹ̀ bá tilẹ̀ ti kọjá. Ọmọ tí ó jẹ́ gíríìnì káàdì nìkan ni ó ní kò lè ṣe é fún òbí. Ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun á gbọ́ bùkátà òbí náà, Medicare kì í sì í ṣí sílẹ̀ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó bá sọ fún aṣọ́bodè pé òun wá kí ọmọ ni, nígbà tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní padà mọ́, ti purọ́ lójú òfin, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ dí i lọ́nà títí láé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó dá físà àbẹ̀wò àti físà ìgbélùú dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2019.

Kánádà ni ó tún sún mọ́ ohun tí ìyá wa ń fẹ́. Wọ́n ní físà kan fún àwọn òbí àti òbí àgbà tí wọ́n ń pè ní Super Visa. Láti oṣù Keje ọdún 2022, ẹni tí ó bá ní in lè gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní owó tí ń wọlé tó iye tí òfin là sílẹ̀, òbí sì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìlera tí kò dín ní 100,000 dọ́là Kánádà. Ìwọ̀nyí ni ìyá lè pèsè, kò sí àlọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn odi Kánádà ni a ti ń béèrè fún un, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti dé.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan fẹ́ lọ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn odi, kò sẹ́ni tí ń rántí Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣakétẹ́. Láti ọdún 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ kò sí níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sì pin sí.

Bí ìyá ẹnì kan bá ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, tí wọn kò sì rò ó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ka oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí ó wọlé, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ó máa parí sára ògiri. Kí wọ́n lọ bá agbẹjọ́rò tàbí olùgbani-nímọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, èyí tí ń jẹ́ OISC títí di oṣù Kìíní ọdún 2025. Òfin ọdún 1999 ni ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ìwọ̀lú. Síbẹ̀ àwọn aláràbarà pọ̀ nínú àwa fúnra wa, tí wọ́n ń sọ pé àwọn mọ ènìyàn nínú Home Office. Wọ́n á gba ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ún, wọ́n á kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ìyá ni ó sì máa fọwọ́ sí i.

Bí ó bá padà sílé, kí ó má ṣe padà wá jókòó lásán. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn gidi, bíi UCH ní Ìbàdàn, kí wọ́n ṣí fáìlì fún un, kí gbogbo ohun tí ń ṣe ara àti ọkàn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ ní ọdọọdún. Kí àwọn ọmọ máa fi owó ránṣẹ́ gba báńkì, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Owó tí a fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé kì í ní ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gba olùtọ́jú tí ó jalè tàbí tí ó fi ìyá sílẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí aládùúgbò sì jẹ́rìí sí i. Kí ìyá náà sì rí i pé òun kò pàdánù àyẹ̀wò tí àwọn tí ń san owó ìfẹ̀yìntì fi ń mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà láàyè, nítorí owó yẹn lè dúró nígbà tí ó bá ń pọn ọmọ-ọmọ ní Peckham.